Orúkọ Tí Ẹsẹ̀ Ń Gbọ́

Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ júdò nílùú Atlanta yóò kọ́kọ́ rò pé ara ni òun wá lò níbẹ̀. Kò ní pẹ́ rí i pé etí ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó gun orí tatami, ẹní tí wọ́n ń jà lórí rẹ̀, wọ́n á ti sọ fún un pé "rei", kó tẹrí ba. Bó bá wọ ìlà, wọ́n á ní "seiza", kó kúnlẹ̀, kó fìdí lé gìgísẹ̀. Bí olùkọ́ bá pe "hajime", iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá pe "mate", gbogbo ọwọ́ ní láti dúró. Olùkọ́ náà lè jẹ́ ọmọ Georgia tí kò dé Japan rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, ọmọ Kòríà, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn aláwọ̀ dúdú tí bàbá ńlá wọn ti wà ní Georgia kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kí ara wọn, òun náà ni wọ́n fi ń ṣàlàyé, ṣùgbọ́n tó bá ti kan orúkọ nǹkan, èdè Japan ni.

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Lithonia máa ń mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá sí kíláàsì tí èmi àti ọmọbìnrin mi ń lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí àwọn ọmọ ṣe ń pààrọ̀ aṣọ, ó sún mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì pè é, kó lè tètè yé àwọn ọmọ yìí? Yorùbá tí mo ń lé e kó kọ́, kò tíì kọ́ ọ, wọ́n tún wá ń kó tàwọn ará Japan lé e lórí."

Mo ní, "Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan wà nínú orúkọ yẹn."

Wọ́n pe kíláàsì, ọ̀rọ̀ wa sì gé síbẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ tóbi ju èsì tí mo fún un lọ, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ eléyìí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. "O" ni ńlá, "ko" ni kékeré. "Soto" ni ìta, "uchi" ni inú. "Gari" ni kí a fi ẹsẹ̀ wa ṣá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kúrò nílẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ Japan ń lò nígbà tó bá ń fi dòjé gé ìrẹsì ló ti wá. (Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ "gari" á rẹ́rìn-ín. Inú mi máa ń dùn sí ẹ̀rín yẹn, torí ọ̀rọ̀ tó bá ti pa ọmọ lẹ́rìn-ín kì í kúrò lórí rẹ̀ mọ́.) Ẹni tó bá mọ márààrún ti mọ orúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí a fi ń dá ènìyàn: osoto-gari, kosoto-gari, ouchi-gari, kouchi-gari. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá pe "kouchi-gari" fún un, kódà bí kò bá rí i rí, ó ti mọ̀ pé àárín ẹsẹ̀ méjèèjì ẹni tí òun dì mú ni ẹsẹ̀ òun ń lọ, pé ìṣísẹ̀ kékeré ni, pé ṣíṣá ni òun máa ṣá a. Orúkọ ti júwe ọ̀nà kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni de-ashi-barai. "De" ni pé ó ń jáde bọ̀, "ashi" ni ẹsẹ̀, "barai" ni gbígbá, irú gbígbá tí a ń gbálẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ níwájú ni kí o gbá. Bí ẹnìkejì rẹ bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ìgbà díẹ̀ kan wà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tatami, tí ara rẹ̀ ti ń wúwo bọ̀ lórí ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n tí kò tíì fi í tẹlẹ̀ ṣinṣin. Ìgbà yẹn gan-an ni àtẹ́lẹsẹ̀ tìrẹ gbọ́dọ̀ dé ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí o gbá a lọ síbi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, kí ọwọ́ rẹ sì fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Bó o bá yá jù, afẹ́fẹ́ lo gbá. Bó o bá pẹ́ jù, bí ẹni ń ta òpó nípàá ni. Bó bá ṣe rẹ́gí, ẹni tó fi ìlọ́po wúwo jù ọ́ lọ á ti wà nílẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, agbára tó o sì lò kò tó nǹkan. Bí a bá kàn pe èyí ní gbígbá ẹsẹ̀, a ti gé "de" kúrò nínú rẹ̀, "de" yẹn ló sì ni àsìkò. Mo rí i lára ọmọbìnrin mi. Ó ti ń gbá ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tipẹ́ tí kò sẹ́ni tó ṣubú, àfìgbà tí olùkọ́ bi í léèrè lójú gbogbo kíláàsì pé kí ni "de". Ó ronú, ó dáhùn, wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ tó wà lókè, ó sì fi èyí tó ti wà nílẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn orúkọ mìíràn wà tó jẹ́ pé ó yẹ kéèyàn mọ ilẹ̀ Japan díẹ̀ kí wọ́n tó yé e. Kesa ni aṣọ tí àwọn mọ́ńkì Búdà ibẹ̀ máa ń gbé kọ́ èjìká kan, tí wọ́n á sì fà gba abẹ́ apá kejì. Ẹni tó bá fi kesa-gatame de ènìyàn mọ́lẹ̀, ọ̀nà tí aṣọ náà ń gbà ni ọwọ́ rẹ̀ yóò gbà: ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lábẹ́ apá. Hadaka-jime ń sọ pé ìhòòhò ni, torí pé ọrùn tí a fún níbẹ̀, apá lásán la fi fún un, a kò di kọ́là aṣọ mú.

Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà tí mo máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn òbí létí. Ẹni tó ń dá ènìyàn ni tori. Ẹni tí wọ́n ń dá ni uke, ìyẹn olùgbà. Nílé wa, ẹni tí wọ́n dá ní gídígbò, ìtìjú ni tirẹ̀. Àwọn ọmọdé á pa òkìkí rẹ̀ dé ilé. Nínú kíláàsì, ẹni tó ń gbà ń ṣiṣẹ́. Ó gba ìdáni náà sára kí ẹnìkejì rẹ̀ lè kọ́ ọ, lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀. Òun náà ló fà á tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fi jẹ́ ukemi, bí a ṣe ń ṣubú: àgbọ̀n sí àyà, apá kí ó na tatami pẹ̀lú ariwo kí ẹ̀yìn má baà dá ìwọ̀n ara gbé. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ìtumọ̀ uke dáadáa kì í sunkún nítorí pé wọ́n dá a.

Ní ti pípè, ẹnu Yorùbá kò ní wàhálà púpọ̀. Bíi tiwa, èdè Japan fẹ́ kí fáwẹ̀lì tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì: ta-ta-mi, ha-ji-me, ku-zu-shi. Ohun tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ń pa ohùn dà bó bá dé àárín orúkọ: koshi, ìbàdí, a di goshi, harai a di barai, shime, fífúnni lọ́rùn, a di jime. Ẹni tó ń pe owó ilé ní "owóolé" láìronú kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí.

Mo ti kọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ rí. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, mo sì lọ sí ilé kéwú. Ààfáà wa á pe rúkúù, ẹ̀yìn wa á tẹ̀. Ó pe sùjúdù, iwájú orí wa á kanlẹ̀. Lárúbáwá ni, a kò gbọ́ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n títí di òní, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò kúrò lára mi, torí pé eegun ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì jẹ́ pé ìgbà tí a dàgbà la tó mọ ìtumọ̀ ohun tí à ń kà lórí wàláà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹni tó bá ń kọ́ júdò pé kó má fi ohùn lásán mọ. Ó lè ka gbogbo orúkọ tán lọ́jọ́ ìdánwò bẹ́líìtì bí àyọ́kà, kó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀.

Kano Jigoro tó dá júdò sílẹ̀, ọdún 1860 ni wọ́n bí i. Kò sígbọnlẹ̀ rárá, àwọn tó lágbára jù ú lọ nílé ẹ̀kọ́ sì máa ń fìyà jẹ ẹ́. Ó fẹ́ kọ́ jujutsu, ìjà àtijọ́ àwọn jagunjagun ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ayé ti yí. Lẹ́yìn 1868 tí ìjọba Meiji dé, ojú ohun tó ti kọjá lọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo jujutsu. Kano mọ̀ pé àwọn àgbà tó mọ ìjà yẹn, iṣẹ́ eegun títò ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun báyìí, ló bá ń wá àwọn tó ń to eegun kiri Tokyo, ó ń bi wọ́n léèrè. Ọ̀kan nínú wọn ló júwe Fukuda Hachinosuke fún un, ẹni tó di olùkọ́ rẹ̀. Ní 1882, ní tẹ́ńpìlì Eishoji ní Tokyo, nínú yàrá tó gba tatami 12, Kano dá Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ júdò rẹ̀, sílẹ̀.

Ohun tó ṣe níbẹ̀ ló mú kí n máa bọ̀wọ̀ fún un. Ó kó ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà oríṣiríṣi jọ, ó yọ èyí tó lè ṣeni léṣe kúrò nínú ìdíje, ó pín ìyókù sí ìdílé ìdílé: ti ọwọ́, ti ìbàdí, ti ẹsẹ̀, àti ti ẹni tó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ lélẹ̀ kó tó dá ẹlòmíràn. Òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá sọ wọ́n lórúkọ, tàbí kí wọ́n tún orúkọ àtijọ́ ṣe. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ìdílé ọ̀pọ̀ nínú wọn sì hàn lára orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Wọ́n tò wọ́n sí ìpele márùn-ún ní 1895. Ní 1920 wọ́n tún un tò, wọ́n fi mọ sí 40, mẹ́jọ mẹ́jọ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Lónìí, 68 ni Kodokan kà sí ọ̀nà tí a fi ń dá ènìyàn, 32 sì ni ti orí ilẹ̀: dídè mọ́lẹ̀, fífúnni lọ́rùn, títẹ apá. Kano gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó rìnrìn àjò dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó wà nínú ìgbìmọ̀ Olympic láti 1909 títí ó fi kú sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1938 nígbà tó ń ti ìpàdé wọn ní Cairo bọ̀. Bó bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ wọ̀nyẹn fún òyìnbó, kò sí ohun tó máa dí i lọ́wọ́. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Àwọn kan gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Mikinosuke Kawaishi dé Paris ní 1935. Ó ronú pé orúkọ Japan yóò ṣòro fún àwọn Faransé, ló bá fi nọ́ńbà dípò wọn: ti ẹsẹ̀ kìíní, ti ẹsẹ̀ kejì, ti ìbàdí kìíní. Olùkọ́ gidi ni Kawaishi, júdò sì gbilẹ̀ ní Faransé lábẹ́ rẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́líìtì aláwọ̀ oríṣiríṣi di àṣà ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn Faransé fi nọ́ńbà sílẹ̀, wọ́n padà sí orúkọ. Kò yà mí lẹ́nu. Nọ́ńbà kejì kò sọ fún ẹsẹ̀ pé inú ni kó gbà tàbí ìta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brazil tún yàtọ̀. Mitsuyo Maeda, ọmọ Kodokan, dé ibẹ̀ ní 1914. Lára ohun tó gbìn síbẹ̀ ni jujutsu àwọn ará Brazil ti hù, èyí tí gbọ̀ngàn rẹ̀ pọ̀ káàkiri Atlanta báyìí. Ní 1951, Masahiko Kimura láti Japan bá Helio Gracie, àgbà nínú jujutsu Brazil yìí, jà ní pápá Maracanã ní Rio, ó fi ude-garami ṣẹ́ ẹ lápá. Láti ọjọ́ náà, àwọn ará Brazil ń pe ohun tó fi ṣẹ́ apá náà ní "kimura". Mo gbà pé ìyẹn náà lẹ́wà: ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun fi orúkọ ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀ pe ohun tó fi ṣẹ́gun. Ọmọdé tó bá sì gbọ́ "kimura" ti gbọ́ ìtàn ńlá kan. Ṣùgbọ́n ude ni apá, garami ni kí nǹkan lọ́ mọ́ra. Kimura kò sọ ìkankan nínú méjèèjì fún un.

Atlanta fúnra rẹ̀ ti gbọ́ orúkọ wọ̀nyí rí níṣojú gbogbo ayé. Oṣù keje 1996, nínú Georgia World Congress Center láàárín ìlú, ni wọ́n ti ṣe júdò Olympic. Àwa ọmọ Nàìjíríà kì í sábà rántí ìyẹn, torí pé ohun tí ọdún náà jẹ́ fún wa ni Chioma Ajunwa tó fo mítà 7.12, àti Kanu àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó na Argentina ní 3-2 nínú bọ́ọ̀lù ní Athens, nínú Georgia kan náà. Ní gbọ̀ngàn júdò, gbogbo ènìyàn ti fi wúrà ìwọ̀n kílò 48 fún Ryoko Tamura ti Japan, àfi bí Kye Sun-hui, ọmọ ọdún 16 láti Kòríà Àríwá, ṣe dé tó sì borí rẹ̀. Jimmy Pedro gba idẹ fún Amẹ́ríkà. Adájọ́ orí tatami lè wá láti orílẹ̀-èdè yòówù, àwọn tó ń jà lè má gbọ́ èdè ara wọn rárá, "hajime" kan náà ni wọ́n ń gbọ́, "ippon" kan náà ló ń parí ìjà. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìdíje Paralympic tẹ̀ lé e nílùú náà, àwọn afọ́jú sì jà níbẹ̀. Júdò tiwọn ti wà nínú ìdíje náà láti 1988. Wọ́n á ti di aṣọ ara wọn mú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ohùn adájọ́ ló sì ń tọ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń yí padà láti ìlú dé ìlú, ta ni yóò mọ ìgbà tó yẹ kí òun dúró?

Òfin ń yí padà o. Wọ́n mú koka, orúkọ àmì kékeré kan tí adájọ́ ń fúnni, kúrò lẹ́yìn 2008, wọ́n mú yuko, àmì mìíràn, kúrò ní 2017, wọ́n tún dá yuko padà ní 2025. Orúkọ ohun tí wọ́n mú kúrò àti orúkọ ohun tí wọ́n dá padà, èdè kan náà ni.

Mi ò ní fo sensei. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí a ti bí ṣáájú. Àwọn olùkọ́ kan wà tí mo ju wọn lọ ní ọjọ́ orí, mo sì ń tẹrí ba fún wọn láìsí ìnira, torí pé àwa náà mọ irú àgbà yẹn. Ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, bí ìyàwó tó wọlé tẹ̀ lé e tilẹ̀ jù ú lọ. Àwọn ọmọ wa tó ti gbàgbé ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ń tẹrí ba níbẹ̀, wọn kò sì ka ìyẹn sí ìyà.

Èyí ló mú mi padà sọ́dọ̀ àbúrò mi ará Lithonia àti Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì kọ́. Ọmọ yẹn ń gbọ́ èdè Japan torí pé wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ fún un. Wọ́n pe ọ̀rọ̀, ó ṣe é, wọ́n rí i pé ó ṣe é. Yorùbá tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbọ́ nílé ní Atlanta, ìbáwí ni, tàbí àṣírí tí àwọn òbí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ fi Yorùbá rán an níṣẹ́. Ẹ fi Yorùbá kọ́ ọ bí a ṣe ń ro àmàlà, bí a ṣe ń we gèlè, bí a ṣe ń di ẹrù, kẹ́ ẹ pe orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń kàn án, kẹ́ ẹ sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwa náà sì ní ìjàkadì. Àwọn kan ń pè é ní gídígbò, àwọn kan ní ẹkẹ. Lórí iyanrìn, lójú òṣùpá, àwọn bàbá wa mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, bí a ṣe ń gbé e lé ìbàdí, bí a ṣe ń yọ fún un kó bá agbára ara rẹ̀ lọ. Orí àwọn àgbà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ yẹn wà. Kano kò dúró kí ìjọba ràn án lọ́wọ́ kó tó wá àwọn tó ń to eegun lọ. Ìwọ tó ń ka èyí, bí bàbá rẹ, bàbá ìyá rẹ, tàbí àgbàlagbà kan ládùúgbò yín bá ja ìjàkadì rí nígbà èwe rẹ̀, pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí. Bi í pé kí ni wọ́n ń pe ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń dá ènìyàn ní ìlú yín. Jẹ́ kó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbà á, kó o ká a sórí fídíò. Kọ orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe pè é gan-an, fi àmì ohùn sí i, kó o sì kọ orúkọ ìlú náà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.